Ta Ló Ni Ọjọ́bọ̀?

Àwa tí a ń tún ilé onílé ṣe ní Bogotá, tí a ń ṣe ti òní níbí, ti ọ̀la lọ́hùn-ún, a kì í fi orúkọ pe àwọn ọ̀gá wa láàárín ara wa. Ọjọ́ la fi ń pè wọ́n. Ẹ ó gbọ́ tí obìnrin kan yóò sọ nínú bọ́ọ̀sì pé, "Ọjọ́ Ajé mi ti bímọ o," tí ẹlòmíràn yóò dáhùn pé, "Tìẹ ló dára. Ọjọ́rú tèmi ò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka ẹyin inú fìríìjì lọ." Dóńyà Piedad ni Ọjọ́bọ̀ mi. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi jẹ́ Ọjọ́bọ̀ mi. Opó adájọ́ ni, àjà kẹrin ilé bíríkì àtijọ́ kan ní Teusaquillo ló ń gbé, ẹsẹ̀ la sì fi ń gun àtẹ̀gùn débẹ̀. Mo mọ ilé náà jù ú lọ. Bí ó bá ń wá abẹ́rẹ́, èmi ló máa ń pè lórí fóònù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ni mo fẹ́ sọ, inú ló sì ń bí mi tí mo fi ń sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tútù, kó wá a lọ síbòmíràn.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Belarmina lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, èmi àti rẹ̀ la jọ ń gbé ní orí òkè ní Ciudad Bolívar. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní èéfín ààrò ni. Nígbà tó yá, ó ń da iyọ̀ sínú kọfí, ó sì ń kí òpó iná ẹnu ọ̀nà wa ní ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ tí kò le ni yóò là á, ṣùgbọ́n dókítà ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà ojú kan ṣoṣo ló sì ń wá sí ilé ìwòsàn tiwa. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wá.

Oṣù méje la fi dúró kí wọ́n tó pè wá. Nígbà tí wọ́n pè, wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo gbéra lọ bá Dóńyà Piedad. N kò ní kó fún mi lówó, n kò ní kó fún mi ní ìsinmi. Mo kàn ní kó jẹ́ kí n wá ní Sátidé dípò Ọjọ́bọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré láàárín ọdún mọ́kànlá.

"Kò ṣeé ṣe," ló wí. Ó ń to ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sínú àpótí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń wá jẹ ọbẹ̀ ajiaco. Ta ni yóò bó ọ̀dùnkún? Ta ni yóò nu ṣíbí fàdákà?"

"Mà, mo lè bó ọ̀dùnkún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí n gba ọ̀dọ̀ yín kọjá kí n tó lọ sílé."

"Ọ̀dùnkún á dúdú. Edilma, Ọjọ́bọ̀ ni mo rà lọ́wọ́ rẹ. N kò ra Ọjọ́rú, n kò ra Sátidé. Bí a ṣe ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó jà."

Mo padà sílé, mo pe ilé ìwòsàn, mo fi àyè ìyá mi sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ó di oṣù mẹ́rin sí i. Ìyá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kò burú," ló wí. "Ojú tó ti dúró fún oṣù méje, kí ni oṣù mẹ́rin?" Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ wá ife rẹ̀ kiri orí tábìlì, ife náà sì wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ náà ṣe dé. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo jí kúrò nílé. Mo wọ ọkọ̀ orí wáyà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, mo tò fún bọ́ọ̀sì pupa gígùn, mo rọ́ra mi sáàárín èrò. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù mi gbọ̀n. Dóńyà Piedad ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́.

"Edilma, má wulẹ̀ wá lónìí. Àdúgbò wa ni gígé omi kàn. Mo ti rí i lórí kàlẹ́ńdà láti ìrọ̀lẹ́ àná, oorun ló gbé mi lọ. Kò sí omi, kò sí iṣẹ́, kò sí ohun tí a fẹ́ máa wo ara wa sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Lọ́dún yẹn, òjò kọ̀ kò rọ̀, omi adágún tí ìlú ń mu sì fà. Ni wọ́n bá pín ìlú sí ọ̀nà ọ̀nà, kí omi àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa lọ fún odidi ọjọ́ kan, láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí ilé tí kàlẹ́ńdà omi kò sí. Èmi gan-an ni mo lẹ ti Dóńyà Piedad mọ́ ara fìríìjì rẹ̀, èmi ni mo fi bírò pupa yí àwọn ọjọ́ tirẹ̀ ká. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé ó gbàgbé kò sí níbẹ̀. Kó tún wá rí i ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí mo ṣì lè pe ilé ìwòsàn, kó lọ sùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn náà. "Ìyá rẹ ńkọ́" tó fi parí rẹ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Bí aago méje ṣe lù tí ilé ìwòsàn ṣílẹ̀kùn, mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin náà ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ fi sílẹ̀. Ìyá àgbà kan láti Bosa ti gbà á, ó ti jókòó síwájú mi báyìí." Mo ní ó dáa. Kí ni ìyá àgbà ará Bosa ṣe fún mi?

N kò padà sílé. Teusaquillo ni mo kọrí sí.

Aṣọ àwọ̀sùn ni Dóńyà Piedad wọ̀ wá ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán ni?"

"Mo gbọ́ ọ, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Kí lo wá ṣe nígbà náà?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, mà."

"Mo ní kò sí omi. Kí lo fẹ́ fi fọ ilẹ̀? Itọ́?"

"Aṣọ tí a ó lọ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀dùnkún ọ̀la wà nílẹ̀. Ṣíbí fàdákà yín, àkísà gbígbẹ la fi ń nù ún."

"N kò fẹ́ ariwo nínú ilé mi lónìí. Padà sílé, lọ sinmi. Èèyàn fún ọ ní ìsinmi, o tún ń fajú ro."

"Ṣé ìsinmi tí ẹ máa sanwó rẹ̀ ni, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó dá a lójú pé mo ń ṣeré ni. "Owó kí ni? Ta ló ń sanwó iṣẹ́ tí wọn kò ṣe? Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi ṣe adájọ́, n kò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ilé ẹgbẹ́ yín tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn, ìgbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn?"

"Kí ló kan ilé ẹgbẹ́?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì. Èmi ni mo ń gbé ìwé owó wọn sórí tábìlì yín lóṣooṣù. Ẹ sì ń san án. Ẹ kì í sọ fún wọn pé ẹ ò lúwẹ̀ẹ́."

"Ìyẹn yàtọ̀. Àyè mi ni wọ́n ń fi pa mọ́ dè mí."

"Èmi náà, mà, àyè yín ni mo fi pa mọ́ dè yín. Lọ́wọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á."

Ó fa aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ mọ́ra. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wo òpè. Ńṣe ló ń wá ibi tí yóò gbé e gbà. "Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó àìṣiṣẹ́," ló wí, "níbo la ó dé dúró? Lọ́la, wàá ní òjò pa ọ́, ọ̀tunla, wàá ní oorun kùn ọ́. O ti ń gbéra ga, Edilma. N kò mọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni, kò mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò mọra mi bẹ́ẹ̀. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, n kò wọ épírọ́ọ̀nù, mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí pálọ̀, mo sì jókòó sórí àga adájọ́. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń nu àga yẹn, tí mo ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, n kò fìdí kàn án rí. Kò tiẹ̀ rọni lọ́rùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ le koko.

"Kí lò ń ṣe nìyẹn?"

"Mò ń ṣe Ọjọ́bọ̀, mà. Aago méje àbọ̀ sí aago mẹ́ta."

"Màá pe ọlọ́pàá."

"Ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ń tún ilé yín ṣe jókòó."

Kò pe ẹnì kankan. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún jáde. Ó ṣe bíi pé òun ń kàwé. Omi ìgò kan ṣoṣo tó kù nínú ilé, ó fi po kọfí, kò fi lọ̀ mí. Èmi náà yọ omi panela gbígbóná mi, omi ṣúgà ìrèké, láti inú àpò, mo mu ún, n kò fi lọ̀ ọ́. Mo ń wo eruku orí fèrèsé, ọwọ́ ń yún mi láti nù ún, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọkọ̀ tó ń pín omi fọn fèrè nísàlẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ti ń sáré gbé garawa jáde. Dóńyà Piedad lọ sójú fèrèsé. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo mí, ó tún wo ìsàlẹ̀.

"Edilma," ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "lọ bá mi pọn omi garawa méjì wá. Ṣé o rí i? Bí o bá ti pọn ọ́n, iṣẹ́ nìyẹn. Màá san owó ọjọ́ rẹ, kò ní dín, ọ̀rọ̀ á sì tán."

Ibí yìí ni kí ẹ ti gbọ́ mi yé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún pẹ́sò ni owó ọjọ́ mi, garawa méjì péré ló ní kí n pọn. Mo ti gbé ẹrù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún owó tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì mi ti kó lọ sí Medellín láti bí oṣù méjì, n kò sì tíì rí òmíràn. Ẹsẹ̀ mi ti nà, mo ti dìde tán. Ìgbà tí mo dìde ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ohun tí obìnrin yìí ń ṣe. Bí mo bá pọn omi náà, owó omi nìkan ló máa san. Ọjọ́bọ̀ á di ọ̀fẹ́, àyè ìyá mi á sì ti bọ́ sínú kòtò lásán. Inú bí mi.

Mo tún jókòó. "Mà, owó omi kọ́ ni mò ń bèèrè. Owó Ọjọ́bọ̀ ni."

"Olórí kunkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé garawa kékeré kan sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lórí àtẹ̀gùn, bó ṣe ń dúró ní àjà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó máa fi wọlé, ìdajì omi náà ti dà sí i lẹ́sẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ ń jò. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú tó ṣe mí yẹn tún wá bí mi nínú sí i, nítorí pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni òun, ìyá mi sì fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, kò sì sẹ́ni tó ṣàánú tìyẹn.

Nígbà tó di aago mẹ́ta gééré, mo dìde, mo gbé àpò mi. Ó jáde láti yàrá pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún àádọ́ta àádọ́ta ni, ó jẹ́ mẹ́rin. Ìlọ́po méjì owó ọjọ́ mi.

"Gbà," ló wí. "Fún ìyá rẹ. Kó fi lọ rí dókítà aládàáni. Èmi kì í ṣe èèyàn burúkú."

Iye tí dókítà aládàáni ń gbà gan-an nìyẹn. "Ẹ ṣé, mà. Ṣé owó Ọjọ́bọ̀ mi wà nínú rẹ̀?"

"Mo ní fún ìyá rẹ ni."

"Ẹ jẹ́ kí ìdajì jẹ́ owó ọjọ́ mi, kí ìdajì jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹ kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà. Màá gbà á, màá sì kúnlẹ̀ dúpẹ́."

"N kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan. Ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀. Gbà á, kó o dúpẹ́, kó o máa lọ."

Ẹ ò rí nǹkan? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó fún mi ní igba ní ti sàráà ju kó fún mi ní ọgọ́rùn-ún ní ti ẹ̀tọ́ lọ. Owó kọ́ ló ń dùn ún. Ẹni tó ṣe sàráà lónìí lè ṣíwọ́ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ẹni tó bá san ẹ̀tọ́ lẹ́ẹ̀kan ti gbà pé òun jẹ ẹ́, yóò sì tún san án nígbà mìíràn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kó owó náà lé orí àga ọkọ rẹ̀, mo sì jáde.

Gbogbo ọ̀nà ni mo ń rò bí ìyá mi yóò ṣe yìn mí. Mo bá a tó ń já ẹ̀wà tútù kúrò lára èèpo, ìka rẹ̀ ló ń fi ríran. Mo ro ohun gbogbo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan àga, títí kan garawa.

"O fi owó sílẹ̀," ló wí.

"Màmá, sàráà ló fẹ́ fi mí ṣe."

"Ojú ta ni owó yẹn ì bá là?"

Mo gbé àpò mi kọ́ ara ìṣó.

"Mo ní ojú ta ni. Ṣé tìẹ ni? O bínú, o bínú tán, o fi ojú mi sanwó ìbínú rẹ. O ò pè mí lórí fóònù kó o ní, Màmá, owó rèé, ṣé kí n gbà á tàbí kí n má gbà á."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ó ń já ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó ń jù ú sínú abọ́, òmíràn ń bọ́ sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn. Wọ́n fún mi ní bàtà òkú, wọ́n fún mi ní ẹran àná. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí n má wá, omi iyọ̀ là ń mu sùn nínú ilé yìí, o mọ̀ ọ́n, o mu nínú rẹ̀. Mo sì ń sọ pé ẹ ṣé, mà. Má rò pé n ò mọ ohun tó ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lọ ro ẹjọ́ fún ìyàwó adájọ́ níbi tí kò sí ẹlẹ́rìí. Kí lo fẹ́ kó gbọ́? Ọjọ́ wo lo ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá jẹun?"

"Ọ̀la, mà."

"Wá ṣọ́ọ̀lù dúdú mi sílẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọ̀nà jìn, mo ní àtẹ̀gùn ga. Ó ní àtẹ̀gùn kò ga ju ilé wa lórí òkè lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, a gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin náà, ọwọ́ kan lára ògiri, ọwọ́ kan ní èjìká mi, ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ sókè ketekete. Òórùn ajiaco ti kún ẹnu ọ̀nà. Bí Dóńyà Piedad ṣe ṣílẹ̀kùn, mo rí abọ́ ike ilé oúnjẹ lórí tábìlì, ó ti lọ rà á, kò bó ọ̀dùnkún kankan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, Don Gonzalo àti Don Evaristo, ti jókòó, wọ́n ti fi aṣọ ìnuwọ́ há ọrùn.

"Ẹ kú ìjẹun o," ìyá mi wí, ó sì ti wọlé kí wọ́n tó ní kó wọlé. "Èmi ni ìyá Edilma. Mo wá gba owó Ọjọ́bọ̀ ọmọ mi."

Ojú Dóńyà Piedad pọ́n. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níta."

"Ojú mi ò ríran dáadáa, Dóńyà, níta yín sì ṣókùnkùn. Ibí ti dáa."

Don Gonzalo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Owó wo nìyẹn, Piedad? Ṣé o jẹ wọ́n lówó ni?"

"Kò ṣiṣẹ́," ni Dóńyà dáhùn. "Kò sí omi lánàá. Mo sì sọ fún un kó má wá."

"Òótọ́ ni," ìyá mi wí. "Wọ́n sọ fún un. Aago mẹ́rin ìdájí ló kúrò nílé, aago mẹ́fà kọjá ni wọ́n sọ fún un. Dókítà ojú ló yẹ kí n rí lánàá, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọ mi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn ti rà á. N ò bá wọn jà. Ọjà tí èèyàn rà, tí kò jẹ, tó fi sílẹ̀ títí tó fi bàjẹ́, ṣé a máa ń gbé e padà fún ọlọ́jà pé kó dá owó padà?"

Don Evaristo, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí, fi ṣíbí ro ọbẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wa wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ebi ló ń pa á. "Piedad," ló wí, "san owó obìnrin náà ká lè jẹun. Ọbẹ̀ ń tutù."

Dóńyà Piedad wọ yàrá. Owó ẹgbẹ̀rún àádọ́ta mẹ́rin àná yẹn náà ló kó jáde, ó nà án sí ìyá mi. Ìyá mi kò gbà á.

"Èwo nìyí, Dóńyà? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi, torí n ò ríran."

"Owó iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ Edilma." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì sì gbọ́.

Ìyá mi wá gbà á. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú méjì, ó sì na méjì padà. "Èyí pọ̀ jù. N ò wá tọrọ nǹkan." Ó yí padà, ó ní kí n mú òun lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà, Dóńyà Piedad ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ òun sílẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò lára tèmi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò wo ojú mi, mo sì fẹ́ kó wò ó.

Nígbà tí a dé àjà kejì, mo bi í. "Màmá, àná lẹ pariwo mọ́ mi lórí pé mo fi owó sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wá dá ìdajì padà. Ojú yín ńkọ́?"

Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. "Inú bí mi," ló wí. "Nígbà tí mo gbọ́ tí ọkùnrin yẹn ní ọbẹ̀ ń tutù, inú bí mi." Ó sì ń bá kíka ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo tún ti pe ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin náà ní oṣù mẹ́rin kò yẹ̀, àfi bí a bá lè máa wá tò ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí wọ́n bá pe orúkọ aláìsàn tí kò sì sí níbẹ̀, ẹni tó wà níwájú lórí ìlà ni wọ́n ń mú wọlé. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Bó bá tilẹ̀ sọ ọ́, ara ta ni n bá fi tò? Ọjọ́bọ̀ mi ní olówó nígbà náà.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, a ti wà lórí ìlà níwájú ilé ìwòsàn. Èèyàn mẹ́ta ló ṣáájú wa. Òtútù mú, ìyá mi jókòó lórí àpótí kékeré, ó fi ṣọ́ọ̀lù bo orí. Inú ṣì ń bí mi. A ń dúró de ẹni tí kò ní wá.